Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ àti plasma

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ìwádìí sáyẹ́ǹsì ṣe iṣẹ́ ayé yín, yálà bí ọpọlọ ṣe ń yí ìpinnu padà ni ẹ ń wádìí, tàbí ìrìn àwọn èérún nínú plasma, ìyẹn gáàsì tó gbóná débi pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti já kúrò lára àwọn atọ́mù rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín sí: ẹ má ṣe sá fún èsì tó bá tako ohun tí ẹ ń retí, nítorí pé inú irú èsì bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa iṣẹ́ méjèèjì ti jáde.

Bí a bá fi eku sínú àpótí tó ní ihò méjì, tó sì jẹ́ pé inú ihò apá òsì ni omi dídùn ti ń jáde, kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ ibi tí ó yẹ kí ó máa ti imú bọ̀. Lẹ́yìn náà ni olùwádìí yóò gbé omi náà lọ sí apá ọ̀tún láìfi àmì kankan hàn án. Eku náà yóò ṣì máa lọ sí òsì fún ìgbà díẹ̀, yóò máa bá òfìfo, kí ó tó yí padà. Ní ọdún 1997, Wolfram Schultz, Peter Dayan àti Read Montague ṣàlàyé pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń tú dopamine, kẹ́míkà kan tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, jáde nínú ọpọlọ ọ̀bọ kì í dáhùn sí èrè lásán. Bí èrè bá ju ohun tí ọ̀bọ náà ń retí lọ, iṣẹ́ wọn á yára sí i. Bí ó bá rí gẹ́gẹ́ bí ó ṣe retí rẹ̀, kò ní sí ìyípadà. Bí èrè náà kò bá sì dé ní àsìkò tó yẹ kí ó dé, iṣẹ́ wọn á lọ sílẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ìrètí àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ọpọlọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn onímọ̀ ọpọlọ fúnra wọn bá irú àlàfo bẹ́ẹ̀ pàdé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gbà pé apá iwájú ọpọlọ tó wà lókè ihò ojú ni ọ̀bọ fi ń yí ìpinnu padà, nítorí pé àwọn ọ̀bọ tí wọ́n gé apá náà kúrò lọ́pọlọ wọn kì í tètè fi ohun àtijọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2013, Peter Rudebeck, Elisabeth Murray àti àwọn akẹgbẹ́ wọn lo oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ nìkan, tí kì í ba àwọn okùn tó ń gbé ìròyìn gba ibẹ̀ kọjá jẹ́. Àwọn ọ̀bọ náà yí ìpinnu wọn padà bí àwọn tí a kò fọwọ́ kàn. Ohun tó nira fún wọn ni láti mọ̀ pé oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ yó kò níye lórí mọ́. Mo bọ̀wọ̀ gidigidi fún iṣẹ́ yẹn, torí pé ohun tí gbogbo ènìyàn ti gbà tán ni wọ́n padà lọ yẹ̀ wò.

Ní ti plasma, díútéríọ̀mù àti trítíọ̀mù, oríṣi háídírójìn méjì tí ìdàpọ̀ wọn ń mú agbára jáde, gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí mílíọ̀nù 150 ìwọ̀n Selsíọ̀sì nínú ẹ̀rọ bí ITER, ẹ̀rọ ìdàpọ̀ ńlá tó wà ní ilẹ̀ Faransé, kí wọ́n tó lè máa dàpọ̀ dáadáa, agbára òòfà ni a sì fi ń há wọn mọ́ kí wọ́n má baà kan ògiri. Bí ó bá jẹ́ pé kíkọlu ara wọn nìkan ló ń tì wọ́n síta, ìwọ̀nba ni ì bá máa sọnù. Àmọ́ ohun tí wọ́n wọ̀n nínú àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ju ìṣirò yẹn lọ fíìfíì, nítorí pé rúkèrúdò tó wà nínú plasma ń gbé àwọn èérún jáde. Ní ọdún 1968, ní Novosibirsk ní Rọ́ṣíà, Lev Artsimovich, onímọ̀ plasma ará Soviet, kéde pé tokamak tiwọn ní Mọsíkò, ìyẹn ẹ̀rọ onírìísí òrùka tó ń fi òòfà há plasma, ń há plasma tó gbóná ju ti àwọn yòókù lọ. Ọ̀pọ̀ kò gbà á gbọ́. Àwọn olùwádìí láti Culham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé lésà wọn lọ sí Mọsíkò, wọ́n wọn ooru náà ní ọdún 1969, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni. Nígbà tí ó fi di ọdún 1970, àwọn olùwádìí Princeton ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ stellarator, irú ẹ̀rọ mìíràn tó ń fi òòfà há plasma, ti sọ èyí tó tóbi jù nínú tiwọn di tokamak. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. (Stellarator kò sì parun, Wendelstein 7-X bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Greifswald, ní Jámánì, ní ọdún 2015, lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà ti lè ṣírò ìrísí àwọn òòfà rẹ̀.)

Èyí tó wù mí jù ni pé, nínú tokamak, etí plasma ni a sábà máa ń fẹ́ gáàsì sí, síbẹ̀ àárín gbùngbùn ni èérún ti máa ń pọ̀ jù. Ìtànkálẹ̀ lásán, tó ń gbé nǹkan láti ibi tó pọ̀ sí ibi tó kéré, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. A ní láti gbà pé ohun mìíràn tún wà tó ń fà wọ́n wọlé. Ìfàwọlé yìí dára fún epo iná náà, ṣùgbọ́n bí ó bá kó irin tungsten ara ògiri wọ àárín, tungsten yóò tan ooru dànù, bẹ́ẹ̀ ni hélíọ̀mù tí ìdàpọ̀ bí gbọ́dọ̀ jáde. Ohun tí a fẹ́ kí ó dúró àti ohun tí a fẹ́ kí ó lọ jọ wà nínú rúkèrúdò kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá yan iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò ní kí ẹ máa sá kúrò nídìí èrò yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá gbọ̀n. Ní ọdún 2007, Timothy Behrens àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ènìyàn máa ń yára yí èrò padà níbi tí nǹkan ti ń yí padà léraléra, ó sì máa ń rọra ṣe é níbi tí nǹkan ti dúró ṣinṣin. Ẹ kọ́kọ́ mọ bí òṣùwọ̀n yín ṣe ń ṣìnà sí láìsí ìdí kankan, kí ẹ lè mọ ìgbà tí ó ń sọ ohun tuntun.

Nítorí náà, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ kọ ohun tí ẹ ń retí sílẹ̀, kí ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì kọ irú èsì tí yóò mú kí ẹ fi èrò yẹn sílẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹni tí kò gbà pẹ̀lú yín ni kí ẹ fún ní ìwé náà pamọ́.

Èmi ni tiyín,
Àgbà tí iṣẹ́ yín jẹ lógún.