Ìkéde: Ọ̀sẹ̀ Àdúrà fún Ìṣọ̀kan Àwọn Onígbàgbọ́

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, a kí yín lórúkọ Olúwa. Ọ̀sẹ̀ àdúrà wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀: ọjọ́ 18 sí 25 oṣù Ṣẹ́rẹ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1908. A ó máa lọ láti ìjọ kan sí èkejì láti jọ jọ́sìn.

Ọ̀rọ̀ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ní ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ẹ̀ka ìjọ Kristẹni àtijọ́ ti Ìlà-Oòrùn, ṣíbí kékeré ni àlùfáà fi ń bu búrẹ́dì tó ti rin sínú wáìnì sí olùgbà lẹ́nu. Wọn a na aṣọ pupa sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kí ohunkóhun má bàa já bọ́ sílẹ̀. Ọmọ ìjọ wọn nìkan ló ń gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ló sábà máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì. Ọ̀pọ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní tiwọn ń pe àlejò wá sídìí tábìlì. Ẹ jọ̀ọ́, bí wọn kò bá pè yín, ẹ má ṣe bá wọn tò, ẹ má sì bínú. Ó dun èmi náà gan-an pé a kò tíì lè jọ jẹun nídìí tábìlì kan náà, ìyẹn la ṣe ń gbàdúrà.

Ẹ mú Bíbélì yín dání. Jòhánù orí 17 la ó kà.