"Discharge" kìí ṣe "acquit" o, ẹ bá wa là á yé àwọn èèyàn

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ "discharge" àti "acquit" tí ẹ̀yin oníròyìn ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí, torí ó ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà níbí ní Abuja. Adájọ́ á ní "discharged" báyìí, kíá ẹ ti gbé e jáde pé kóòtù ní lágbájá ò jẹ̀bi. Rárá o, kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Acquit" ni pé wọ́n dá èèyàn láre, ẹjọ́ parí. Abala 36 nínú ìwé òfin 1999 sọ ọ́ pé ẹni tí wọ́n bá ti dá láre lórí ẹ̀sùn kan, wọn ò gbọ́dọ̀ tún gbé e wá sí kóòtù lórí ẹ̀sùn yẹn mọ́, àfi tí kóòtù tó ga jùyẹn lọ bá pàṣẹ ẹ̀. "Discharge" nìkan ńkọ́? Kó ṣáà máa lọ sílé ni. Òfin ACJA 2015, ìyẹn òfin tó sọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, tí wọ́n ń lò ní àwọn kóòtù Abuja là á dáadáa, tí ìjọba bá fa ẹjọ́ sẹ́yìn kí wọ́n tó ní kí olùjẹ́jọ́ wá rojọ́ tiẹ̀, "discharge" ni, wọ́n ṣì lè padà gbé e wá sí kóòtù, àmọ́ tó bá ti kọjá ibẹ̀ kí wọ́n tó fà sẹ́yìn, "acquit" ló máa jẹ́.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa ní Nyanya, ọ̀gá ẹ̀ ló ní ó jí ọjà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá yẹn ò yọjú wá jẹ́rìí, wọ́n sún ẹjọ́ títí, adájọ́ wá ní kí ọmọ máa lọ. Ìyá ẹ̀ se jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ yìí sì da gbogbo rìsíìtì tó fẹ́ fi gbèjà ara ẹ̀ nù, ó ní kí lòun tún fẹ́ fi wọ́n ṣe. Nígbà tí ọlọ́pàá padà wá mú un lórí ọ̀rọ̀ kan náà, igbe tí màmá yẹn ń ké ni pé ṣebí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ṣebí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ó dùn mí wọra, torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n tọ́jú ìwé wọn.

Ẹ wo ti Nnamdi Kanu, olórí ẹgbẹ́ IPOB tó ń jà fún Biafra, náà. October 13, 2022, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn l'Abuja níbí "discharge" ẹ̀, ayọ̀ pọ̀ nígboro. Malami tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà yẹn ní wọn ò "acquit" ẹ̀ o, àwọn èèyàn ládùúgbò wa ní gírámà lásán ló ń sọ. Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni níbẹ̀ o, àmọ́ December 15, 2023, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n padà lọ gbọ́ ẹjọ́ náà, ẹnu sì ya ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ò le. Tó bá jẹ́ "discharge" nìkan, ẹ kọ ọ́ pé kóòtù ní kó máa lọ, kẹ́ ẹ sì fi kún un pé wọ́n ṣì lè padà pè é. "Dá láre" yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún "acquit." Tí èyí tí adájọ́ sọ ò bá dá yín lójú, ẹ bi akọ̀wé kóòtù kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi òǹkàwé yín,
Nyanya, Abuja