Oògùn tó ń wá ilé kókó lọ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mò ń mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin láti Òkè-Fìà lọ gba oògùn jẹjẹrẹ ọmú. Doxorubicin, pupa bí omi sóbò. Irun rẹ̀ ń já sórí ìrọ̀rí ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀. Ẹ̀rù ọkàn rẹ̀ ló ń bà mí jù, nítorí oògùn yẹn lè ba ọkàn jẹ́.

Láti 1995 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí Doxil: oògùn kan náà ni, ọ̀rá ni wọ́n fi wé e ní hóró tíntìntín. Nǹkan bí 1,000 hóró lè tò sórí ìbú irun kan. Ó ń gba ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kókó jẹjẹrẹ ti ń jò wọ inú kókó náà, ewu rẹ̀ fún ọkàn sì kéré.

Ẹ bá wa bẹ ìjọba Ọ̀ṣun, kí wọ́n bá aláìsàn san nínú owó Doxil.

Àbúrò aláìsàn,
Òṣogbo.