Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹja kékeré yẹn máa dàgbà o

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ kú àdúrótì. Ọ̀rọ̀ táǹkì ẹja góòlù ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí ìbéèrè kan náà là ń dáhùn ṣáá, "ẹja yìí ò ju ìka mi lọ, kí ni mo fẹ́ fi táǹkì ńlá ṣe?"

Ẹ gbọ́, ẹja tẹ́ẹ gbé lọ sílé nínú náílọ̀n yẹn, ọmọ ọwọ́ ni. Ta ló ń rán ṣòkòtò fọ́mọ ọdún kan pé kó máa wọ̀ ọ́ títí tó fi máa gbéyàwó? Èyí tí ara ẹ̀ rí roboto tí ìrù ẹ̀ pín sí méjì, irú àwọn oránda yẹn, máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Èyí tí ara ẹ̀ gùn tí ìrù ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, tí wọ́n ń pè ní kọ́mẹ́ẹ̀tì, lè tó 30, gígùn rúlà ọmọ iléèwé nìyẹn, tó bá sì rí ìtọ́jú gidi ó lè lo ọdún 10 sí 15, àwọn míì tiẹ̀ kọjá 20.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń sọ pé ẹja máa ń wo bí táǹkì ẹ̀ ṣe tó kó tó dàgbà, irọ́ ni jàre. Ìdọ̀tí inú omi ni kì í jẹ́ kó dàgbà, kì í ṣe ọgbọ́n orí. Ẹja góòlù ò ní àpò ikùn bíi tiwa, ohun tó bá gbé mì, inú ìfun ló ń gbà lọ tààrà, ó ń jẹ ó ń yà, ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí sì tún ń tú amóníà, ìyẹn májèlé tó ń ti ara ẹja jáde, sómi. Omi yẹn lè mọ́ gaara lójú kó sì jẹ́ májèlé. Tómi bá pọ̀, májèlé á là, tómi bá kéré, ẹja ló máa jẹ ẹ́.

Èmi gan-an jìyà ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Abọ́ gíláàsì róbótó ni mo fi ẹja mi àkọ́kọ́ sí, àárọ̀ ọjọ́ kan mo bá a lójú omi tó ń ya ẹnu pàkàpàkà, èmi rò pé ebi ló ń pa á ni mo bá tún da oúnjẹ sí i. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ṣú bá a. Afẹ́fẹ́ ló ń wá, torí ojú omi ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹnu abọ́ yẹn sì há. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ra táǹkì tó gùn, ẹ fi èyí tó ga fíofío sílẹ̀ bó ti wù kó rẹwà tó.

Oníkùn roboto kan, ó kéré tán lítà 75, tẹ́ẹ bá fẹ́ fi òmíì kún un, ẹ fi 40 lé e. Kọ́mẹ́ẹ̀tì, ẹ má sọ̀rọ̀ tí ò bá ti kọjá 200, adágún ìta gan-an ló bá a mu. Kẹ́ ẹ tó ra táǹkì, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà wọn gígùn, ìbú àti gíga, ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́po ara wọn, kẹ́ ẹ pín in sí 1000, iye lítà tó máa gbà nìyẹn. 60, 30, 30 jẹ́ lítà 54, ó kéré. 100, 40, 40 jẹ́ 160, oníkùn méjì á gbádùn níbẹ̀, ká tiẹ̀ yọ ààyè òkúta kúrò. Ẹ má gbàgbé pé lítà kan kílò kan ni o, kì í ṣe orí tábìlì tẹlifíṣọ̀n lẹ máa gbé e kà!

Tẹ́ẹ bá ń kó ẹja sínú táǹkì tuntun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ fóòmù fílítà (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi) àtijọ́ nù, bakitéríà tó ń pa agbára amóníà ibẹ̀ ló ń gbé, tuntun sì lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó ní tiẹ̀. Omi táǹkì àtijọ́ náà ni kẹ́ ẹ fi ṣan án, chlorine, oògùn apakòkòrò inú omi ẹ̀rọ, máa pa bakitéríà yẹn. Ìdá mẹ́rin omi, ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, táǹkì ńlá ò sọ pé kẹ́ ẹ má ṣe é.

Tẹ́ẹ bá ń bọ̀, ẹ wọn ibi tẹ́ẹ fẹ́ gbé e sí, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ẹja yín látẹ̀gbẹ́ ká lè rí ìrù ẹ̀. Àwọn abọ́ róbótó tó ṣẹ́ kù lẹ́bàá ilẹ̀kùn, a ò tà wọ́n fún ẹja mọ́, ẹni tó bá fẹ́ gbin òdòdó sí i kó wá gbé e.