Iṣẹ́ tí Igún Fi Sílẹ̀ fún Wa

Ẹ̀yin jamáà, àṣàlámù àlékúmù. Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí Ọlọ́hun jẹ́ ká ṣe é láyọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ kan nínú ilé-kéú wa bi mí pé, "Àfáà, ṣé igún wà lóòótọ́?" Inú àlọ́ ló rò pé ó wà, bí iwin. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo délé, n kò lè rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí igún mọ́.

Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, l'Óṣogbo, tí mo dàgbà sí, Iléyá kì í pé láìsí igún. Bí bàbá wa bá ti ń la inú àgbò, méjì mẹ́ta á ti bà sórí páànù, èékánná wọn á máa ha páànù wàràwàrà. A ó da ìgbẹ́ àti ìfun tí a kò jẹ sí ààtàn. Ká tó fọ ọ̀bẹ tán, ilẹ̀ ti mọ́.

Igún ilẹ̀ wa kì í fi imú wá òkú ẹran, ojú ni. Atẹ́gùn gbígbóná tó ń ru sókè láti ilẹ̀ lọ́sàn-án ni wọ́n ń gùn, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju apá. Ọ̀kan ń wo ilẹ̀, ó sì tún ń ṣọ́ èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bí ọ̀kan bá já wálẹ̀ ní Òkè-Fíà, èyí tó wà lókè Alékúwodò á ti rí i, á yí apá sọ́hùn-ún, ẹni tó ń ṣọ́ òun náà á tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dé bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Nínú Suratul-An'ām, áyà 38, Ọlọ́hun ní kò sí ẹranko lórí ilẹ̀, kò sí ẹyẹ tó ń fi apá méjèèjì fò, àfi kó jẹ́ ìjọ bíi tiyín. Kí n má parọ́, mo ti ń sáré ka áyà yẹn kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Omi inú ikùn igún a máa kan gógó débi pé ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tó wà nínú òkú ẹran. Ní Íńdíà, láti nǹkan bí 1994 síwájú, oògùn ìrora tí wọ́n ń fún màlúù, diclofenac, ba kíndìnrín àwọn igún tó jẹ òkú màlúù bẹ́ẹ̀ jẹ́. Nínú ẹ̀yà igún mẹ́ta, ó lé ní 95 tó lọ nínú 100. Ajá ìgboro ló jogún òkú ẹran, wọ́n pọ̀ sí i, dìgbòlugi sì ń bá wọn kiri. Ọdún 2006 ni wọ́n tó fòfin de oògùn náà fún ẹran.

Ní tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orí igún ni àwọn èèyàn ń wá láti fi ṣoògùn. Ní Guinea-Bissau, májèlé pa igún tó lé ní 2,000 láàárín 2019 sí 2020, wọ́n sì bá àwọn kan láìlórí. Ẹyin kan ṣoṣo ni igún máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe adìẹ. Àwọn baba wa tí kò kéwú rí pàápàá ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Mùsùlùmí tó wá ń ránṣẹ́ ní bòókẹ́lẹ́ pé kí wọ́n bá òun wá orí igún fún àwúre, kó yáa tètè tuuba.

Lésìí, ìfun àgbò wà nínú gọ́tà ẹ̀yìn mọ́sálásí. Lọ́jọ́ kẹta, ajá ti wọ́ ọ dé ibi alùwàlá, òórùn sì bá wa nínú sùjúdù. Mo bínú sí àwọn ọ̀dọ́ lórí mínbárì. N kò sọ pé ti àgbò tèmi wà níbẹ̀. Mo sọ ọ́ lónìí.

Nígbà tí ọmọ Ánábì Ádámọ̀ pa arákùnrin rẹ̀ tí kò mọ ohun tí yóò fi òkú ṣe, kannakánná ni Ọlọ́hun rán sí i, ó ń walẹ̀ níwájú rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn Asubá ọjọ́ Sátidé, kí kálukú mú ọkọ́ tàbí ṣọ́bìrì wá. Ẹ̀yìn ilé-kéú la ó gbẹ́ kòtò tí a ó máa da ìfun sí, kó jìnnà sí kànga, kó sì mu èèyàn dé ìbàdí. Lọ́jọ́ ọdún, ẹ tú ohun tí ẹ bá kó wá sínú rẹ̀, ẹ mú ọ̀rá tí ẹ fi kó o padà sílé. Ọkọ́ méjì ni èmi yóò mú dání, nítorí mo mọ àwọn tó máa gbàgbé tiwọn.