Kí Ọgbà Ẹ̀kọ́ Ajá Afinimọ̀nà Má Jìnnà sí Ìgboro

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Òǹkàwé kan kọ̀wé sí yín láìpẹ́ yìí pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ ajá afinimọ̀nà, ìyẹn ajá tí ń mú ẹni tí kò ríran rìn, ní Amẹ́ríkà níbí, bí àyè bá ti ń fún mọ́ wọn, ta ilẹ̀ tí wọ́n ní nítòsí ìlú, kí wọ́n sì lọ ra pápá gbalasa ní ìgbèríko, níbi tí ilẹ̀ kò ti wọ́n tí ajá yóò sì rí ibi sáré. Èrò rere ló bí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn yìí, àwọn tí ojú wọn kò ríran ni yóò jìyà rẹ̀, nítorí pé ìgboro ni àwọn ajá wọ̀nyí ti ń kọ́ṣẹ́. Inú ọgbà ni wọ́n kàn ti ń sùn, tí wọ́n sì ti ń jẹun.

Ẹ wo The Seeing Eye, ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà, tó wà ní Morristown, ní ìpínlẹ̀ New Jersey tí mò ń gbé. Nashville ni Dorothy Harrison Eustis àti Morris Frank, tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran, ti dá a sílẹ̀ ní 1929, lẹ́yìn tí Frank ti lọ gba ajá tirẹ̀, Buddy, ní Switzerland. Ní 1931 wọ́n kó wá sí Whippany ní New Jersey, nígbà tó sì di àárín àwọn ọdún 1960, wọ́n kó wá sí Morristown. Ọgbà náà tó 60 éékà, síbẹ̀ títì Morristown ni ẹ ó ti bá àwọn ajá náà lọ́jọ́ iṣẹ́, tí ọwọ́ olùkọ́ wà lórí irin ìdìmú tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ajá. Bí wọ́n bá dé etí títì, ajá á dúró gbọn-in, olùkọ́ á fi ẹsẹ̀ wá eteetí ọ̀nà, á ní kí ajá máa lọ. Bí ọkọ̀ bá yọ láti kọ̀rọ̀ lásìkò yẹn, ajá kò ní gbé ẹsẹ̀, bí olùkọ́ tilẹ̀ tún un sọ. Kíkọ̀ yẹn gan-an ni ọgbọ́n tí wọ́n ń náwó lé lórí. Wọ́n kọ́ ọ láti gbọ́ràn, wọ́n sì tún kọ́ ọ láti mọ ìgbà tí kò gbọdọ̀ gbọ́ràn, pàápàá lóde òní tí ọkọ̀ oníbátìrì ń kọjá láìdún tó bẹ́ẹ̀ tí etí aláìríran kò fi ní tètè mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ta ni yóò kọ́ ajá ní èyí láàárín pápá?

Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni ajá kọ̀ọ̀kan ń lò lọ́wọ́ olùkọ́ ní The Seeing Eye. Guide Dogs for the Blind, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí olú ọgbà rẹ̀ wà ní San Rafael ní California, ṣí ọgbà kejì ní 1995 ní Boring, ìletò kan lẹ́yìn Portland ní Oregon. Ọgbà tó dára ni, iṣẹ́ rere sì ń jáde níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni wọ́n fi ń kó ajá lọ sí ìgboro kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àkókò tí ajá bá sì fi jókòó nínú ọkọ̀ kò sí nínú àkókò ẹ̀kọ́. Àwọn aláìríran tó wá gba ajá ń gbé inú ọgbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n ní láti wọ bọ́ọ̀sì, kí wọ́n wọ ilé ìtajà, kí wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú irin. Láti Morristown, ọkọ̀ ojú irin ń lọ tààrà sí Manhattan.

Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni kí a máa ka iye ilé ajá tí a ó kọ́, nígbà tó jẹ́ pé àìtó èèyàn ló máa ń dín iṣẹ́ yìí kù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. Àwọn ìdílé olùyọ̀ǹda ara wọn ló ń gba ọmọ ajá tọ́ fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó padà sí ọgbà, ìdílé wọ̀nyí kò sì ní rọrùn láti rí bí ilé ẹ̀kọ́ bá sá jìnnà sí ibi tí èèyàn ń gbé. Dọ́là 150 péré ni The Seeing Eye ń gbà lórí ajá àkọ́kọ́, 50 sì ni lórí èyí tó bá tẹ̀lé e, nítorí náà owó ọrẹ ni wọn yóò fi kọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá kọ́. Ní Wallasey, níbi tí ajá mẹ́rin àkọ́kọ́ ti parí ẹ̀kọ́ ní Bríìtìnì ní 1931, gáréèjì kan tí wọ́n háyà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilé ńlá.

N kò sọ pé kí wọ́n má kọ́lé o. Ilé ajá tó ti gbó yẹ ní títún kọ́: kí ilẹ̀ rẹ̀ máa da omi nù dáadáa, kí àyè wà lọ́tọ̀ fún ajá tí ara rẹ̀ kò yá, kí gbígbó ajá má sì dé yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá gba ajá. Èyí tí kò bá di dandan kó wà nínú ọgbà ni kí wọ́n gbé lọ síbòmíràn, bí The Seeing Eye ti fi ibi tí ajá ti ń bímọ sí Chester. Nígbà tí iṣẹ́ ilé bá sì ń lọ lọ́wọ́, kí wọ́n máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú bí ọ̀nà kan bá máa yí padà, nítorí ẹni tí kò ríran kò ní rí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sójú ọ̀nà ní àná.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ìlú tí irú ilé ẹ̀kọ́ yìí wà, bí ìgbìmọ̀ ìlú bá pe ìpàdé lórí ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ. Àwọn aládùúgbò tí ń bẹ̀rù ariwo ajá yóò wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí a dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí ẹ̀yin wá bèèrè bóyá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ já láti ẹnu géètì ọgbà náà dé ìgboro, bóyá bọ́ọ̀sì ń dúró níbẹ̀, àti bóyá iná tí ń darí ọkọ̀ níkorítà ń dún fún ẹni tí kò ríran.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní New Jersey