Ẹ má dúró de kọ̀ǹpútà ńlá kí kásẹ́ẹ̀tì fídíò yín tó bàjẹ́

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi táwọn èèyàn ti máa rí i. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín pọ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí wọ́n kó sínú páálí, ti ìgbéyàwó, ti ọjọ́ ìbí, ti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, tẹ́ ẹ bá sì bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò tíì gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: kọ̀ǹpútà àwọn ti kún, ó dìgbà tówó bá dé táwọn bá ra ńlá. Èmi ò fara mọ́ ìyẹn rárá.

Kọ̀ǹpútà ńlá, ìgbàkígbà téèyàn bá rówó ló lè rà á. Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Téèpù inú ẹ̀ ń bàjẹ́ lọ bó ṣe wà níbẹ̀ yẹn, kò dìgbà tẹ́nì kan bá fọwọ́ kàn án, ooru àti ọ̀rinrin nìkan tó láti bà á jẹ́. Ẹ̀rọ fídíò náà ti ń tán nílẹ̀. Funai ní Japan, ilé iṣẹ́ tá a mọ̀ pé ó ṣe é gbẹ̀yìn, ti dáwọ́ dúró látoṣù July 2016, èyí tẹ́ ẹ bá rí báyìí àlòkù ni, rọ́bà inú ẹ̀ sì ti ń gbó. Ní 2015, ilé ìpamọ́ fíìmù àti ohùn ti ìjọba Australia kìlọ̀ pé téèpù tí wọn ò bá tíì gbà sórí kọ̀ǹpútà títí 2025, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló máa lọ. Ọdún tí wọ́n dá yẹn ti dé bá wa o.

Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn ni iye GB tí wọ́n ń gbọ́, ìyẹn ìwọ̀n ààyè tí fáìlì máa gbà. Òótọ́ ni pé téèyàn bá gba fídíò wákàtí kan láìfún un pọ̀ rárá, ìyẹn láìdín ìwọ̀n fáìlì ẹ̀ kù, ó lè tó 75GB. Àmọ́ ta ló ní kẹ́ ẹ gbà á bẹ́ẹ̀? Huffyuv tàbí FFV1, ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà fi ń fún fídíò pọ̀, máa fún un pọ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò nínú àwòrán, ó lè wálẹ̀ sí bíi 30GB. DV, ọ̀nà ìfúnpọ̀ míì, ò ju bíi 13GB lọ. Tẹ́ ẹ bá wá sọ ọ́ di H.264, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí fóònù mọ̀, ní 3 Mbps (mẹ́gábíìtì mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan), wákàtí kan ò pé 1.5GB, fóònù sì máa gbé e. Àwòrán VHS, kásẹ́ẹ̀tì ńlá ti ẹ̀rọ fídíò, fúnra ẹ̀ ò sì ju bí ìlà 240 lọ, ẹni tó bá ń gbà á ní 1080, ìwọ̀n àwòrán tẹlifíṣọ̀n HD, ààyè ló kàn ń fi ṣòfò.

Ibi tí mò ń lọ nìyí: kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà yín nílò ààyè fún. Ẹ gba ọ̀kan, ẹ fi HandBrake tàbí FFmpeg, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọn ò gbowó lórí ẹ̀, sọ ọ́ di kékeré, ẹ wo kékeré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ rí i pé ohùn àti ẹnu jọ ń lọ, ẹ kó o síbi méjì, ó kéré tán hard disk kan nílé yín àti ọ̀kan nílé mọ̀lẹ́bí, kẹ́ ẹ tó pa èyí tó tóbi rẹ́ kẹ́ ẹ sì mú òmíràn. WhatsApp kì í ṣe ibi ìpamọ́ o, ṣe ló tún máa fún un pọ̀ sí i tójú ẹ̀ á fi ṣú. Hard disk yín náà, ẹ wò ó bóyá FAT32 ni ọ̀nà tó fi ń to fáìlì sínú ara ẹ̀, torí FAT32 ò gba fáìlì tó bá ti tó 4GB, ẹ sọ ọ́ di exFAT kó tó di pé ẹ kó nǹkan sí i.

Tí kọ̀ǹpútà yín bá ti gbó, ẹ má jẹ́ kó máa ṣe H.264 lójú ẹsẹ̀ bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe ń lọ, kò ní lè bá a, ó máa fo àwòrán, ohùn á sì máa ṣáájú ẹnu. Huffyuv fúyẹ́ fún un, kó gbà á tán ná, kó wá fún un pọ̀ lálẹ́ nígbà táwọn èèyàn bá ti sùn. Àwọn tó ní MiniDV, kásẹ́ẹ̀tì kékeré ti kámẹ́rà díjítà, ẹ̀yin ò nílò wáyà yẹ́lò tó ń gbé àwòrán jáde látinú ẹ̀rọ fídíò rárá, ohun tó wà lórí téèpù yín ti jẹ́ fáìlì tẹ́lẹ̀, FireWire, wáyà tó ń so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, lẹ máa fi kó o bó ṣe wà.

Kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti hu funfun funfun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ, ó máa kó o ran gbogbo èyí tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ ya ike kékeré ẹ̀yìn VHS kúrò kí ẹnikẹ́ni má lè rìkọ́ọ̀dù lé e, kẹ́ ẹ sì ti máa gbà á látìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ play, torí ó lè má sí ìgbà kejì. Fíìmù tẹ́ ẹ gbà lórí tẹlifíṣọ̀n lè dúró, àwọn ẹlòmíì ní in. Ohùn èèyàn yín tó ti kú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan láyé yìí àfi ẹ̀yin. Kódà tẹ́ ẹ bá ti gbà á tán, ẹ má sọ kásẹ́ẹ̀tì nù.

Ẹ̀yin olóòtú, mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, káwọn tí ẹ̀rọ fídíò wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ lè kọ̀wé síbẹ̀, káwọn tí kò ní lè yá a lò. Ẹ̀rọ ló wọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ yìí báyìí, kì í ṣe ààyè.

Èmi ni òǹkàwé yín.